Fáànù Inú Kọ̀ǹpútà fún Yàrá Òròmọdìẹ

Ẹ̀kọ́ tiwa lọ́tẹ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra òròmọdìẹ ọjọ́ kan, bíi 100 tàbí 200, tí ẹ ń tọ́ wọn nínú yàrá kan tí ẹ ti dí pa nítorí òtútù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè: bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn ní ìdájí, kí ni imú yín máa ń kọ́kọ́ gbọ́? Bí ó bá jẹ́ òórùn kan tó ń ta nímú, tó ń mú kí omi bọ́ lójú, ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí dópin, torí pé ọ̀rọ̀ yín là ń sọ.

Òórùn yẹn ni wọ́n ń pè ní amóníà. Inú ìgbẹ́ adìẹ tó ti rin, tó ti dà pọ̀ mọ́ èérún pákó, ló ti ń jáde. Ó ń ba ojú òròmọdìẹ jẹ́, ó ń ba ọ̀nà èémí rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú, ẹyẹ tí ọ̀nà èémí rẹ̀ bá sì ti bó nínú, àìsàn tètè ń rí ibi wọlé sí i lára. Ẹ óò máa fún un ní oògùn, owó á máa lọ, òórùn tó dá a sílẹ̀ á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀tàn kan tún wà níbẹ̀ o. Ẹni tó ń wọ yàrá náà lójoojúmọ́, imú rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, kò ní gbọ́ òórùn náà dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àgbẹ̀ pe aládùúgbò rẹ̀ wá wọ yàrá náà. Bí aládùúgbò bá fi ọwọ́ bo imú, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Nǹkan kejì tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí imú yín sún mọ́ ibi tí òròmọdìẹ fúnra rẹ̀ ti ń mí. Òórùn tí kò tó nǹkan lójú ẹni tó dúró lè pọ̀ gan-an nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ amóníà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Èédú ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń gbé ìkòkò èédú sínú yàrá òròmọdìẹ lóru, torí pé iná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kẹrosíìnì náà sì ti di ohun ọ̀wọ́n. N kò bá yín jà sí i, òròmọdìẹ gbọ́dọ̀ rí ooru. Ṣùgbọ́n èédú tó ń jó nínú yàrá tí kò ní ihò ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹ kò ní rí i, ẹ kò ní gbọ́ ọ. Ó ń pa òròmọdìẹ, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹni tó wọlé lọ wo adìẹ rẹ̀ ní agogo méjì òru, tó ní kí òun jókòó díẹ̀, tó sùn lọ síbẹ̀, lè má jí mọ́. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín nínú yàrá náà, ẹ jáde kíá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí ẹ má sì padà wọlé títí atẹ́gùn yóò fi wọ ibẹ̀ dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má sùn nínú yàrá òròmọdìẹ tí èédú wà, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ ọmọ iṣẹ́.

Báwo la ṣe máa wá ṣe é, tí ooru kò fi ní sá jáde tán, tí afẹ́fẹ́ burúkú náà kò sì ní jókòó sínú ilé? Ibẹ̀ ni fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà ti wúlò.

IRÚ FÁÀNÙ WO NI?

Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, fáànù kan tàbí méjì wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ó má baà gbóná jù. Onígun mẹ́rin ni, ó máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 tàbí 12. Kọ̀ǹpútà á kú, fáànù inú rẹ̀ á ṣì wà láàyè. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ óò bá wọn nínú páálí, wọ́n kó wọn jọ gègèrè. Ẹni tó bá ń lọ sí Èkó lè rí i rà ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, tuntun àti àlòkù. Èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12 ni kí ẹ wá. Ó ń lé afẹ́fẹ́ jáde ju ti 8 lọ, kì í sì í pariwo tó o.

Iná tí ó ń jẹ ló jẹ́ kí n máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri. Lára fáànù náà, ẹ óò rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀. Wọ́n lè kọ DC 12V àti 0.18A sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bátìrì fólítì 12 ló ń gbé e, irú ti ọ̀kadà tàbí ti mọ́tò, ó sì ń fa áńpù 0.18. Ẹ fi 12 sọ 0.18 di púpọ̀, 2.16 ni. Ìyẹn ni pé wáàtì 2 àti díẹ̀ péré ló ń jẹ. Fáànù onídùúró tí a ń lò nínú pálọ̀ ń jẹ tó wáàtì 50 sí 60. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, iná tí fáànù pálọ̀ kan ń jẹ á gbé fáànù kọ̀ǹpútà bíi 25.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ronú kàn án. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n sọ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì di ilé, tí wọ́n ń fi í rìnrìn àjò kiri, tí wọ́n sì ń sùn sínú rẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá ti gbogbo fèrèsé ọkọ̀ sùn mọ́jú, èémí wọn á ti di omi lára páànù ọkọ̀ náà, inú rẹ̀ á sì móoru. Fáànù kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dè mọ́ òrùlé tàbí fèrèsé ọkọ̀, torí bátìrì nìkan ni wọ́n ní, bátìrì yẹn kò sì gbọdọ̀ kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìṣòro tiwọn àti ti yàrá òròmọdìẹ jọra: àyè kékeré tó dí, ẹlẹ́mìí wà nínú rẹ̀, iná NEPA kò sì sí níbẹ̀.

OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Mo fẹ́ kí èyí yé yín kí ẹ tó náwó. Fáànù yìí kò lè gba adìẹ àgbà lọ́wọ́ ooru oṣù kẹta. Ẹni tó ní adìẹ ẹlẹ́yin 500 nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí ìhà rẹ̀ dí, kí ó lọ ya ìhà ilé náà, kí ó fi àwọ̀n irin sí i, kí ó sì jẹ́ kí etí òrùlé yọ jáde dáadáa. Ilé adìẹ àgbà nílẹ̀ wa, atẹ́gùn Ọlọ́run ló yẹ kó máa fẹ́ ẹ. Yàtọ̀ sí èyí, fáànù kì í mú kí afẹ́fẹ́ tutù ju bí ó ṣe rí níta lọ. Ó kàn ń gbé ti inú jáde kí ti ìta lè wọlé ni.

Bákan náà, bí èérún pákó ilẹ̀ bá ti rin gbìndìn, bí abọ́ omi bá ń jò, tàbí bí ẹ bá kó òròmọdìẹ 300 sínú àyè 150, ẹ kọ́kọ́ tún ìwọ̀nyí ṣe. Fáànù kò ní ṣe iṣẹ́ ṣọ́bìrì fún yín.

FÁÀNÙ MÉLÒÓ LÓ YẸ?

Ẹ ronú àpótí kan tí òró rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, tí gíga rẹ̀ náà sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí fáànù bá lè lé afẹ́fẹ́ tó kún àpótí yẹn jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, CFM kan nìyẹn. Lẹ́tà mẹ́ta yìí lẹ óò rí lára páálí fáànù tuntun. Fáànù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12 sábà máa ń wà láàárín CFM 40 sí 70. Àmọ́ ibi gbayawu tí nǹkan kan kò dí i ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n o. Nínú yàrá yín, tí àwọ̀n wà lójú rẹ̀, tí eruku sì ti ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ pín in sí méjì. Bí páálí bá sọ 60, ẹ ka 30 sí i, ẹ kò ní ṣì í.

Ó kéré tán, nígbà òtútù, òròmọdìẹ kan nílò CFM 0.1 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 0.25 ní ọ̀sẹ̀ kejì, 0.35 ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Fún òròmọdìẹ 200, èyí á jẹ́ CFM 20 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 50 ní ọ̀sẹ̀ kejì, 70 ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Fáànù kan ṣoṣo á tó ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ óò fi ìkejì kún un ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti lè máa ká ọ̀rá ojú fèrèsé sókè lọ́sàn-án, bí ojú ọjọ́ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní òròmọdìẹ 100 péré, fáànù kan á gbé e dé ọ̀sẹ̀ kejì, méjì á sì gbé e parí.

Ẹ jẹ́ ká fi yàrá kan dán ìṣirò náà wò. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú, 10 lóròó, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, àpótí 800 ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí fáànù kan bá ń lé 30 jáde ní ìṣẹ́jú kan, láàárín bí ìdajì wákàtí, ó ti kó ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó kún gbogbo yàrá náà jáde. Ó jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì ní gbé ooru lọ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

IBI TÍ A Ó DÈ É MỌ́

Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń lọ sókè. Nítorí náà, òkè ògiri, lábẹ́ òrùlé, ni kí ẹ de fáànù mọ́, kí ó kọjú síta, kí ó máa fa afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ má ṣe kọ ojú rẹ̀ sínú láti máa fẹ́ atẹ́gùn lu òròmọdìẹ. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu àwọn kan láti ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé báyìí la ṣe ń lo fáànù fún ara wa. Òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ kan tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lù tààrà á gba òtútù, á kó jọ síbì kan, wọ́n á sì tẹ ara wọn pa.

Ẹ wo ara fáànù náà kí ẹ tó kàn án. Ìhà tí bébà wà, tí ọ̀pá kéékèèké so àárín rẹ̀ mọ́ etí, ni atẹ́gùn sábà máa ń gbà jáde. Àwọn mìíràn ní àmì ọfà létí. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ so ó mọ́ bátìrì, kí ẹ fi tíṣù sún mọ́ ọn. Ìhà tí tíṣù bá ti ń fò kúrò, ìhà yẹn ni kó kọjú síta.

Ọ̀nà ìwọlé atẹ́gùn ṣe pàtàkì tó fáànù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń pàdánù. Bí kò bá sí ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, fáànù á kàn máa yí lásán ni. Ara ògiri tó dojú kọ ti fáànù ni kí ẹ ṣí ihò náà sí, nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ga ju orí páálí tí ẹ fi yí òròmọdìẹ ká lọ, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀. Kí ihò ìwọlé fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ojú fáànù, ó kéré tán: fáànù kan, ihò tó gba àtẹ́lẹwọ́ méjì. Kí ẹ sì fi pákó pẹlẹbẹ kan dà á bo díẹ̀, kí atẹ́gùn tó ń wọlé lè kọ́kọ́ gba òkè, kí ó bá ooru pàdé kó tó sọ̀kalẹ̀ bá òròmọdìẹ. Bí ihò ìwọlé bá sún mọ́ fáànù jù, atẹ́gùn tútù tó wọlé á tún gba ibẹ̀ jáde láìdé ọ̀dọ̀ òròmọdìẹ rárá.

Nípa ìhà tó yẹ: nígbà òjò, ìwọ̀ oòrùn gúúsù ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá sílẹ̀ wa. Nígbà ọyẹ́, àríwá ìlà oòrùn ló ti ń wá. Bí ẹ bá lè yan, ẹ jẹ́ kí ihò ìwọlé kọjú sí ìhà tí atẹ́gùn ti ń wá ní ìgbà tí ẹ sábà máa ń tọ́ òròmọdìẹ. Lójú fáànù níta, ẹ tẹ páànù kékeré kan kó bò ó, kó sì kọ ẹnu sísàlẹ̀, kí òjò má wọ̀ ọ́, kí ọyẹ́ má sì ti atẹ́gùn padà sínú. Páànù yẹn kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ fáànù, ẹ jẹ́ kí àyè tó ìbú ọwọ́ kan àbọ̀ wà láàárín wọn. Fáànù kọ̀ǹpútà kò lágbára láti ti afẹ́fẹ́ gba ibi tó há. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹ so páìpù gígùn mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ojú rẹ̀. Eruku adìẹ á dí nẹ́ẹ̀tì yẹn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọ̀n irin tí ihò rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan ni kí ẹ lò, ó tó láti lé eku ńlá padà.

Fáànù kò gbọdọ̀ wà ní òkè ìkòkò èédú tààrà. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, ooru á yọ́ ọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí ẹ tó kó òròmọdìẹ wọlé, ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn kan, ẹ mú un dání síbi ihò ìwọlé, kí ẹ sì fi ojú tọ èéfín rẹ̀ lẹ́yìn. Ó yẹ kó wọlé, kó yí kọjá àárín yàrá, kó sì gòkè lọ sí fáànù. Bí ó bá ń rọ̀gbà síbì kan, òórùn náà á máa jókòó síbẹ̀, ẹ yáa sún ihò.

WÁYÀ ÀTI BÁTÌRÌ

Fáànù tó ní wáyà méjì rọrùn jù: pupa ni ti orí ọ̀nà àfikún, dúdú ni ti àyọkúrò. Bí wáyà bá jẹ́ mẹ́ta, pupa àti dúdú ni kí ẹ lò, kí ẹ gé yẹ́lò kúrò, kí ẹ sì fi téèpù bo ẹnu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, àwọ̀ wọn máa ń yàtọ̀ síra láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á fún yín dán an wò lójú yín, kí ó sì fi àmì sí méjì tí ẹ óò lò. Ẹ má ra àwọn kékeré inú kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́, fólítì 5 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, bátìrì 12 á jó wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ ara yín tú àpótí irin tí iná ti ń wọ kọ̀ǹpútà láti yọ fáànù inú rẹ̀. Iná lè wà nínú àpótí yẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára ògiri, á sì gbé ènìyàn. Iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Bí fáànù bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ so gbogbo pupa pọ̀ mọ́ra, ẹ so gbogbo dúdú pọ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá so pupa ti ọ̀kan mọ́ dúdú ti èkejì, wọ́n á pín fólítì náà láàárín ara wọn, wọ́n á sì máa rá pálá. Lára wáyà pupa, nítòsí bátìrì, ẹ fi fíúsì áńpù 1 sí i. Fíúsì kò tó nǹkan lówó, àmọ́ bátìrì tí wáyà rẹ̀ bá fara kan ara lè dáná, èérún pákó ló sì wà nílẹ̀ ilé yẹn. Eku fẹ́ràn wáyà, nítorí náà ẹ gbé e gba inú páìpù rọ́bà tàbí kí ẹ kàn án mọ́ òkè. Bátìrì fúnra rẹ̀, ìta yàrá ni kí ó wà, nínú àpótí tí òjò kò lè wọ̀, tó sì ní ihò díẹ̀.

Bátìrì tó wà nínú UPS tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì sábà máa ń jẹ́ fólítì 12, áńpù 7 fún wákàtí kan. Irú bátìrì yìí kò fẹ́ kí a lò ó ju ìdajì lọ kó tó tún gba iná. Ìdajì 7 jẹ́ 3.5. Fáànù kan tó ń fa 0.18 á lò ó fún nǹkan bíi wákàtí 19. Fáànù méjì, bíi wákàtí 9 sí i díẹ̀: ẹ tàn án ní agogo méje alẹ́, ó ti ń rẹ̀ ẹ́ ní agogo mẹ́rin ìdájí. Ìṣirò bátìrì tuntun nìyẹn o, bátìrì àlòkù tí ẹ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lè má tó ìdajì rẹ̀. Bí ẹ bá ní bátìrì mọ́tò tí ó ṣì dára, bíi ti áńpù 60, fáànù mẹ́ta á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ méjì tọ̀sán-tòru láìrẹ̀ ẹ́ kọjá ààlà.

Àwọn tó ní ibi tí wọ́n ti lè gba iná sí bátìrì nítòsí kò nílò sólà. Àwọn tí kò ní, páńẹ̀lì wáàtì 20 á máa mú nǹkan bí áńpù kan wá nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín. Oòrùn wákàtí mẹ́rin, áńpù mẹ́rin. Fáànù kan tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ń jẹ 4.3. Ẹ rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí òjò ń rọ̀, tí oòrùn sì ń fara pamọ́, kò ní tó, ẹ lo wáàtì 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe so páńẹ̀lì mọ́ fáànù tààrà. Lóòótọ́ wọ́n ń pè é ní páńẹ̀lì 12, ṣùgbọ́n nínú oòrùn ó lè gbé fólítì tó ju 20 lọ jáde, fáànù yín á jóná. Kọntirólà ló yẹ kó wà láàárín. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọntirólà, lẹ́yìn náà páńẹ̀lì, lẹ́yìn náà fáànù, síbi tí wọ́n ya àwòrán gílóòbù sí. Nígbà tí ẹ bá ń tú u, páńẹ̀lì ni kó kọ́kọ́ kúrò.

BÍ Ẹ ÓÒ ṢE MÁA DARÍ RẸ̀

Òròmọdìẹ fẹ́ ooru tó dígírì 33 sí 35 ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ máa dín dígírì mẹ́ta kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi tẹmómítà kọ́ sí ibi tí ẹ̀yìn òròmọdìẹ ga dé, kì í ṣe sí ojú ògiri níbi tí orí yín ga dé. Ẹni tí kò ní tẹmómítà, kí ó wo òròmọdìẹ. Bí wọ́n bá rọ̀gbà yí iná ká, tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na ìyẹ́ sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá sì kó ara wọn sí ìhà kan ṣoṣo, atẹ́gùn kan ń lù wọ́n láti ìhà kejì, ẹ lọ wo ihò ìwọlé yín. Èyí tó tàn ká, tó ń jẹun, tó ń sùn káàkiri, ni à ń wá.

Tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́, ẹ óò kíyè sí i pé èédú tàbí gáàsì tí ẹ ń lò pọ̀ sí i díẹ̀. Àwọn kan ti torí èyí pa fáànù. Mo ń sọ fún yín, owó èédú díẹ̀ yẹn sàn ju òkú òròmọdìẹ lọ. Bí ó bá wù yín láti dín in kù, ẹ fi àwọ̀n àti ọ̀rá ṣe àjà kékeré sókè orí òròmọdìẹ, kí ẹ sì dín ìbú àyè tí wọ́n wà kù ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ooru má baà tàn ká gbogbo yàrá lásán. Àmọ́ kí ọ̀rá jìnnà sí ìkòkò èédú dáadáa, kí àjà náà má sì dí ọ̀nà atẹ́gùn lọ sí fáànù.

Mo tún fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ èédú. Fáànù lè kú lóru. Bátìrì lè tán, wáyà lè já, eku lè jẹ ẹ́. Bí gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé yín bá wà lórí fáànù, tí ẹ sì ti dí gbogbo ihò yòókù, ọjọ́ tó bá kú ni yàrá náà á di ibi ikú. Nítorí náà, ẹ fi ihò kan sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé, tó gùn tó apá, tó fẹ̀ tó ìbú ọwọ́, tí ẹ kò ní dí láé, tọ̀sán-tòru, òjò tàbí ọyẹ́. Ẹ fi àwọ̀n bò ó, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ooru á gba ibẹ̀ jáde kò parọ́, ṣùgbọ́n ihò yẹn kò ṣeé dí. Kí ẹ sì máa gbọ́ ohùn fáànù láti ìta kí ẹ tó wọlé lóru. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ dúró síta fún ìgbà díẹ̀ ná.

ÌTỌ́JÚ FÁÀNÙ

Eruku adìẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ fi ìka kan di abẹ́ rẹ̀ mú kó má yí, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì kíkùn tó gbẹ gbọn eruku kúrò lára abẹ́ àti àwọ̀n. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké wínwín, ẹ ká bébà àárín rẹ̀ sókè, ẹ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀kán kan ṣoṣo sí i, kí ẹ sì lẹ bébà náà padà. Epo pupa kọ́ o, òróró tí a fi ń dín àkàrà náà kọ́, àwọn yẹn á dì mọ́ ọn. Ẹ fi fáànù kan kún èyí tí ẹ nílò nígbà tí ẹ bá ń rà á, kó wà nílé, torí pé òru ọjọ́ Sunday ni fáànù máa ń fẹ́ kú.

Ẹni tí bébà ara fáànù rẹ̀ kò bá yé, kí ó mú fáànù náà wá sí ìpàdé àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀, a ó jọ kà á, a ó sì so ó mọ́ bátìrì níbẹ̀.

Nígbà tí òròmọdìẹ bá ti kúrò nínú yàrá náà, ẹ tú fáànù sílẹ̀ kí ẹ tó fi oògùn fọ yàrá, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ dì í sínú ọ̀rá. Bátìrì ni kí ẹ má ṣe kàn gbé jù sí igun ilé. Èyí tí a bá fi pamọ́ láìkún máa ń kú síbẹ̀ ni. Ẹ gba iná sí i kí ó kún, kí ẹ tó gbé e pamọ́, kí ẹ sì tún máa gba iná sí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù títí tí ẹ óò fi kó òròmọdìẹ mìíràn dé.